Ẹ Jẹ́ Ká Sìn Wọ́n Kí A Tó Sin Wọ́n

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá mi gúnlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé Màmá ti kú ni?" Mo ní rárá o, wọ́n wà ní ọsibítù, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo sì fẹ́ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan kí n lè dúró tì wọ́n. Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n mi orí, wọ́n kí mi kú ìdààmú, wọ́n ní Olúwa yóò fọwọ́ tọ́ Màmá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, òpin ọdún ti dé, kí n wá ẹnìkan tí n óò máa sanwó fún kó máa tọ́jú wọn. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ni, ní ìlú Jos níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìyá mi jáde láyé. Ọ̀gá yìí kan náà fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n kò tilẹ̀ tíì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi àpòòwé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́, mẹ́rìnlá nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì wọ̀ ọ́ láti Jos dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wọ ankara kan náà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n bá mi jó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn tọkàntọkàn. Àmọ́ nígbà tí mo padà dé, tí mo jókòó sídìí tábìlì mi, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lọ́kàn, kò sì tíì dẹ́kun: iṣẹ́ tó pọ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìyá mi wà láàyè, báwo ni kò ṣe pọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n kú?

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ méjì kan jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà fi máa ń ṣì wọ́n pè. Ọ̀kan ni sìn: kí a ṣe ìránṣẹ́ fún ènìyàn, kí a wà nídìí rẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀. Èkejì ni sin: kí a gbé òkú wọ ilẹ̀. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó dá mi lójú pé àwọn tó pa òwe yìí kò rò ó rí pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọmọ yóò lè sin òbí rẹ̀ láìsìn ín. Lójú tiwọn, ọmọ tó bo òbí rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló gbé e pọ̀n lọ sẹ́yìnkùlé nígbà tí kò lè rìn mọ́, òun ló pọn omi tó fi wẹ̀, òun ló jí lóru nígbà tó ń kérora. Ìsìnkú jẹ́ òpin iṣẹ́ kan tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Àwa ni a gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù, tí a wá fi màlúù àti kánópì ṣe òpin rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹni tó bá mọ ọsibítù wa yóò mọ̀ pé aláìsàn kì í dá wọlé síbẹ̀. Ní ọsibítù ńlá yunifásítì tó wà ní Lamingo, àti ní àwọn ti ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ óò rí àwọn ènìyàn tó sùn sórí ẹní lábẹ́ fèrèsé àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í ṣe àlejò o. Àwọn ló ń sáré lọ ra abẹ́rẹ́ lóru, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, àwọn ló ń wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn ló ń yí aláìsàn padà kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn. Hausa tilẹ̀ ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: mai jinya. Nọ́ọ̀sì kan lè ní ogún aláìsàn lọ́wọ́ lóru kan. Mai jinya ni ọwọ́ rẹ̀ kejì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ òun má lọ dúró ti òbí rẹ̀, àfi bíi pé ó yọ apá kan kúrò nínú ìtọ́jú náà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi jókòó ti ìyá mi láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n tó kú. Irọ́ ni mo fi gbà á. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ pé inú ń run mí, n kò lè dìde. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ Jos sì mú lọ́dún náà débi pé omi inú garawa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹ̀gún. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ọmọbìnrin tí mò ń sanwó fún láti máa tọ́jú wọn ti ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, mo fún un gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ibì kan wà lẹ́yìn ìyá mi, lábẹ́ eegun èjìká òsì, tó máa ń yún wọn. Láti kékeré mi ni wọ́n ti máa ń ní kí n bá àwọn họ ọ́. Mo họ ọ́ fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì dijú.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ṣíbí kékeré fún wọn ní ògì. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí a dúró kí wọ́n gbé èyí tó wà lẹ́nu mì tán kí a tó fi òmíràn sí i, nítorí ọ̀fun ẹni tí àrùn yìí bá mú a máa gbàgbé bí wọ́n ti ń gbé nǹkan mì. Ibi tí oúnjẹ ti máa ń ṣì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ife ògì kan gbà wá ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tí mò ń sanwó fún kì í rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn. N kò lè bá a wí, aláìsàn méjì ló ń tọ́jú nínú wọ́ọ̀dù kan náà, owó tí mò ń san kò sì tó o jẹun.

Nígbà tó yá, ìyá mi lajú. Ahọ́n wọn ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbà fún ẹ níbi iṣẹ́?"

Mo ní, "Wọ́n gbà, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Irọ́ kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Mo purọ́ fún ọ̀gá mi kí n lè rí ìyá mi, mo tún purọ́ fún ìyá mi kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ohun tó dára jù lọ tí mo ṣe lọ́dún náà, àárín irọ́ méjì ni mo ti ṣe é.

Ẹ yẹ ìwé ìsinmi ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wò. Ẹ óò bá ibà níbẹ̀, ẹ óò bá orí fífọ́ àti inú rírun. Ẹ óò bá ìyá àgbà kan tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Lóòótọ́, àwọn kan wà tó ń purọ́ kí wọ́n lè lọ síbi àríyá, àwọn wọ̀nyí ló sì ń ba àwọn olóòótọ́ jẹ́, nítorí ọ̀gá tí wọ́n bá ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀mejì kò tún ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: níbi tí òtítọ́ bá ti ń gbé ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ wá, tí irọ́ sì ń gbé ìsinmi wá, kí ni a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa? Ọmọ ọdún méjìlélógún tó kọ́kọ́ purọ́ kó lè gbé ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà, ó ti kọ́ bí a ti ń pa á. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á nídìí owó. Ìwà tó ń jẹrà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dọ̀tí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹni.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ti wà láti àwọn ọdún 1970. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Bí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ó lè gba owó rẹ̀ fún tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Aboyún lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ 6 tí yóò bímọ, wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù 6 tẹ́lẹ̀, ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bó bá sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú.

Mo fẹ́ràn apá tó kẹ́yìn yìí nínú òfin náà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọmọ kì í dúró de agogo ìparí iṣẹ́ kí ebi tó pa á. Ṣùgbọ́n òwe wa kan wà: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òfin rántí ọmọ tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Kò rántí ìyá tó ti di ẹni tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin òfin náà, kò sí ìdajì wákàtí kan fún òkété tó ti dàgbà.

Ohun tí mo mọ̀ pé a ti ṣe láti ìgbà náà kò kọjá ọ̀rọ̀ ìbímọ. Ní 2014, ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ ní ìsinmi oṣù 6 fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn ọkùnrin ní ọjọ́ 10 bí ìyàwó wọn bá bímọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́kùnrin tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 fún irú ìdí kan náà, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọmọ mẹ́rin. Lóòótọ́, èyí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín: àwọn tó wà ní Yunifásítì Jos, àti àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ní Vom. Ó dára, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù olówó, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni, ẹni tó ń ṣọ́ báńkì lóru, kò sí níbẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lè dá dìde mọ́ kò sì sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba.

Kì í sì í ṣe pé ayé kò tíì ronú kàn án. Láti 1981 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti fọwọ́ sí àdéhùn kan, ìkẹrìndínlọ́gọ́jọ irú rẹ̀, pé ẹni tó ní ọmọ tàbí ará ilé tó nílò ìtọ́jú kò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1993 fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ní ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún láti tọ́jú òbí, ọmọ tàbí ẹnì kejì rẹ̀ nínú ìgbéyàwó. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró dè é. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú òfin náà tó wú mi lórí. Kò ka ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sí, kò sì ka ìyá àgbà sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà náà ló tọ́ ọ dàgbà, òbí ló jẹ́ lójú òfin. Ilẹ̀ òkèèrè gbà pé ẹni tó tọ́ni lòbí ẹni. Àwa tí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò tíì kọ ọ́ sínú Òfin Iṣẹ́ wa.

Ní Ìlú Ọba, láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti tọ́jú ẹni tó gbára lé e, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá ti wọ iṣẹ́. Kò sí owó níbẹ̀ náà. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ìjọba ibẹ̀ kan náà ní àwọn àjèjì tí wọ́n bá gbà wọlé láti wá máa tọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn dání mọ́. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi òbí sílẹ̀ ní Jos, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀ffà, wọ́n ń wẹ ìyá ẹlòmíràn fún un ní Leeds. Wọ́n ń fi owó ibẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí a fi gba ẹnìkan tí yóò wẹ ìyá tiwọn. Wọ́n ń fi fóònù wò ó bí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ebi kì í gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ wa bá ti di ẹni tó ń ta ìtọ́jú fún gbogbo ayé, tí kò sì ní èyí tí yóò fún ẹni tó bí i, nǹkan ti yí padà lọ́dọ̀ wa ju bí a ti ń jẹ́wọ́ lọ.

Àwọn baba wa kò ní ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní àáró. Ẹgbẹ́ tó ń dá oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àìsàn bá dé ilé ẹnìkan nínú wọn, wọ́n á ro oko rẹ̀ kí koríko má bàa gbà á. Bí ara bá tu ẹni náà, òun náà á san ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún un padà. Iṣẹ́ oko kò dúró, aláìsàn kò sì dá wà. Mi ò ní purọ́ pé ìgbà náà dára láìkù síbì kan. Nínú agbo ilé, àwọn obìnrin ló ń ru ẹrù ìtọ́jú náà, ìyàwó ilé ló ń fọ aṣọ tí bàbá ọkọ rẹ̀ sọ di ẹlẹ́gbin. Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, ẹni mẹ́ta ló bi mí pé, "Ìyàwó rẹ ńkọ́?" Kò sí ẹni tó béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ọkùnrin tí kò lè wẹ ìyá rẹ̀, tó wá ń náwó rẹpẹtẹ níbi òkú rẹ̀, kí ó má pe ara rẹ̀ ní ọmọ tó sin òbí.

Ìlú Jos fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí èyí. Nítorí tánganran ni ìlú yìí fi di ńlá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn tí Japan ti gba ilẹ̀ Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ìjọba amúnisìn fi tipátipá kó ohun tó lé ní 100,000 ọkùnrin láti ilẹ̀ Àríwá wá sí kòtò tánganran ní Plateau. Oko ló ń dúró dè wọ́n nílé, àwọn òbí ń dúró dè wọ́n, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣàìsàn, àwọn kan kò padà. Ibẹ̀ ni a ti rí i lórí òkè yìí pé iṣẹ́ lè mú ènìyàn bíi pé kò ní ìyá, kò ní bàbá.

Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ṣe é yàtọ̀. Ní 1927 ni ojú irin ńlá tó gba Kafanchan wọ Jos. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìlọrin wà lára àwọn tó bá a wá, bàbá mi sì wá lẹ́yìn wọn. Kò sí agbo ilé fún wọn níhìn-ín, wọ́n sì fi àdúgbò ṣe é. Mo rántí ìgbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú bàbá mi ní ilé tí a ń gbé. Ìyàwó aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ló ń se oúnjẹ wa, ìyá kan tó jẹ́ Berom ló ń mú àbúrò mi lọ sílé ìwé, ìyá mi sì jókòó ti ọkọ wọn fún ọjọ́ mọ́kànlá láìti ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọjà wọn ló ń bá wọn tà á.

Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, a ò tún rí irú rẹ̀ mọ́. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos lọ́jọ́ náà, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní 2008 àti 2010, pín ìlú sí méjì. Ẹlẹ́sìn yìí kó lọ sí ìhà kan, ẹlẹ́sìn tọ̀hún kó lọ sí ìhà kejì. Yorùbá wà nínú ẹ̀sìn méjèèjì, nítorí náà ó la ilé wa náà láàárín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ́ Mùsùlùmí wà ní òdìkejì ìlú. Bí òfin kónílé-ó-gbélé bá ti bọ́ sílẹ̀, ó di kí a máa sunkún sínú fóònù. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀, kò sí ìyá Hausa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́. Ojú pópó tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ẹsẹ̀ wa ni kò gbà á mọ́. Ẹni tí ọ̀gá mi ní kí n lọ wá, èyí tí n óò máa sanwó fún, ohun tí àdúgbò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni mo ń fi owó rà.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò wí. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, tó ń ra dísù láti tan jẹnẹrétọ̀, tó ń san owó orí méjì mẹ́ta, báwo ni yóò ṣe fún ẹnìkan ní ìsinmi kí ọjà rẹ̀ má bàjẹ́? Òtítọ́ ni. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ọjà rẹ̀ ṣòfò. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: kí a ya ọjọ́ 10 sọ́tọ̀ lọ́dún fún olúkúlùkù òṣìṣẹ́, lọ́tọ̀ sí ìsinmi ọlọ́dọọdún, láti tọ́jú ẹni rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Bí agbára kò bá ká a, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ láìsí owó. Ìwé ọsibítù ni kó jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ìwé ìkéde òkú. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó tọ́ni wà nínú ẹbí. Kí ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ sí i bí obìnrin. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní Abuja nìkan ló lè fi èyí kún Òfin Iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba Plateau lè ṣe é fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lónìí, bí Èkó ti ṣe tirẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì kékeré kò sì nílò òfin kankan kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo fi iṣẹ́ tí mò ń sọ yẹn sílẹ̀. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan báyìí, àwa márùn-ún ni. Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń gé ìwé fún wa wá dúró síwájú mi, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn. Mangu ni ilé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá àgbà mi…" Ó sì dákẹ́.

Àkókò kàlẹ́ńdà ni, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ ní tòótọ́. Ìbéèrè ọ̀gá mi àtijọ́ dé ahọ́n mi wọ̀ọ̀. Ó ku díẹ̀ kí n sọ ọ́. Mo gbé e mì, mo sì ní kó jókòó. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjì. Wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀, eegun ìbàdí wọn ti kán. Mo pe àwọn mẹ́ta tó kù. A pín iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ara wa. Ọ̀kan ní òun á máa gé ìwé láàárọ̀, èmi gba ọ̀sán. A fẹnu kò pé bó bá dé, òun náà yóò san ọjọ́ padà fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ nínú wa. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àáró ni Yorùbá ń pe irú nǹkan báyìí, ọmọ Mangu náà ní àwọn náà ní tiwọn lábúlé.

Kó tó lọ, mo na ìwé ìsinmi sí i. Ojú ìlà kan wà níbẹ̀ tí a ti ń kọ ìdí, èyí tí mo mọ̀ dunjú, tí mo ti kọ inú rírun sí nígbà kan rí ní ibòmíràn. Ó mú bírò, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń lọ tọ́jú ìyá àgbà òun. Ó fẹ́ dá ìwé náà padà fún mi, ó tún fà á mọ́ra, ó fi gbólóhùn kan sí i lẹ́yìn: wọ́n ṣì wà láàyè.